Nótíìsì Láti Yàrá Kẹfà

Yàrá Kẹfà,
Ilé Alhaji Múrítàlá,
Agége, Èkó.
9 Oṣù Kìíní, 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ẹ sì kú ọyẹ́ tó ń jà. Ṣé orúnkún yín ti ń gbé yín? Ṣé gbogbo ará ilé wà lálàáfíà? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ní iléeṣẹ́ bisikíìtì wa n'Íkẹjà, wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá ẹ̀ka ìdìpọ̀. Obìnrin mọ́kànlélógún tó ń di bisikíìtì sínú páálí ló wà lábẹ́ mi báyìí. Ẹ bá mi dúpẹ́. Mo fi búrẹ́dì mẹ́ta àti òògùn orúnkún yín rán Divine, awakọ̀ tó ń ná Èkìtì. Òun náà ló máa gba èsì bọ̀ fún mi.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á síwájú. Mo ń kúrò nínú ilé yìí.

Mo ti rí ilé kan ní Ìfàkò, yàrá méjì, ilé ìdáná rẹ̀ àti balùwẹ̀ rẹ̀ wà nínú. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni mí, mi ò tíì dáná rí níbi tí ará ilé kan ò ti ní ṣí ìkòkò mi wò. Ìyáàfin Ìbísọ́lá ló ni ilé náà. Aláúsá ni màmá yẹn ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì, bí èèyàn bá kí i káàárọ̀, ó máa ń wá fáìlì tó máa fi í sí. Ó ní òun máa fi ilé náà dè mí di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta, ṣùgbọ́n òun ò ní gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ àfi bí mo bá mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ onílé mi, pé mo fún un ní nótíìsì, pé ó gbà á, pé a ò sì jà.

Ni mo bá kọ nótíìsì. Mo fi Yorùbá kọ ọ́, mo kọ ọ́ dáadáa, mo gbé e lọ bá Alhaji lọ́jọ́ Àìkú nígbà tó kírun tán. Ẹ mọ̀ pé ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, èmi ni mo máa ń ka ìwé fún un. Sùlíyá ọmọ rẹ̀ wà nílé, ṣùgbọ́n Alhaji ní Sùlíyá máa ń fo ìlà. Ó fọwọ́ tú àpò ìwé náà, ó nà án padà sí mi, ó ní, "Fọláyọ̀, ta ló kọ̀wé sí mi? Bá mi kà á." Bàbá, èmi ni mo dúró síwájú rẹ̀ tí mo ń ka nótíìsì ara mi! Mo kà á dé ibi tí mo ti ní "mo fi ìwé yìí fún yín ní nótíìsì," ló bá gbé ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀.

"Nótíìsì? Ta ni wọ́n fún ní nótíìsì?"

"Ẹ̀yin ni, Alhaji."

"Èmi? Nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́? Ayálégbé ló wá ń fún onílé ní nótíìsì? Sùlíyá! Sùlíyá o! Wá gbọ́ nǹkan! Fọláyọ̀ ní kí n kó jáde!"

Gbogbo ilé ló tú síta. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó ṣàlàyé pé èmi ni mo ń kó jáde, kì í ṣe òun. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní, "Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ìwọ kọ́ lo gba yàrá lọ́wọ́ mi. Orúkọ ta ló wà nínú rìsíìtì?" Mo gbé rìsíìtì jáde. Orúkọ yín ni, Bàbá. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń san owó ilé, ọdọọdún ni wọ́n sì ń kọ ọ́ pé Ilésanmí Oyèdìran ló san án. Alhaji ní bí òun ò bá rí ìwé lọ́wọ́ Ilésanmí, òun ò gbọ́ nǹkan kan.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìlà méjì lọ. Ẹ kọ ọ́ sí Alhaji pé ẹ mọ̀ sí i, pé ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Ọmọ yín tó ń wo ojú ọ̀nà,
Fọláyọ̀.


Ìjerò-Èkìtì,
30 Oṣù Kìíní, 2025.

Fọláyọ̀,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Kú iṣẹ́, kú ìgbéga, Ọlọ́run yóò tún gbé ọ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Búrẹ́dì dé, ṣùgbọ́n Divine gbé ẹrù lé ọ̀kan lórí, ó ti di àkàrà pẹlẹbẹ. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Apá awò ojú mi kan ti kán. Mo fi òwú so ó, mo ta á ní kókó àwa ahunṣọ, ó sì dì í mú. Bí o bá rí irú rẹ̀ ní Agége, fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí o kọ yẹn, n kò fẹ́ràn rẹ̀.

Nótíìsì! Ìwọ, ọmọ mi? Ṣé o mọ irú ẹni tí nótíìsì ń tọ́ sí? Ẹni tó ń bá ará ilé jà ni, tàbí ẹni tó ń gbé obìnrin olóbìnrin wọlé. O ní ìwọ lo fún onílé. Ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún n'Ìjerò níbí? Bí mo bá ti dárúkọ nótíìsì mọ́ orúkọ rẹ, wọn ò ní jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó máa sọ kiri pé wọ́n ti lé Fọláyọ̀ nílé l'Ékòó.

Ọdún 1984 ni mo gba yàrá yẹn. Orí mi ni mo fi ru ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ káfíńtà, nítorí ilẹ̀kùn tí Alhaji kàn síbẹ̀, ewúrẹ́ lè tì í ṣubú. Ibẹ̀ ni a ti bí ọ. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tún ibùsùn rẹ̀ ṣe, ti tọ́ ọ dàgbà. Ibẹ̀ ni mo ti ń jí lọ sí iléeṣẹ́ aṣọ n'Íkẹjà fún ogún ọdún, tí ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ fi di mí létí pátápátá. Nítorí etí yìí náà ni èmi pẹ̀lú rẹ fi ń kọ lẹ́tà síra wa bí ará àtijọ́, tí ìwọ ń bínú pé n kì í gbé fóònù. Kí ni n ó gbé e fún?

Obìnrin tí kò tíì lọ́kọ, ilé bàbá rẹ̀ ló ti ń lọ sí ilé ọkọ. Yàrá kẹfà ni ilé bàbá rẹ l'Ékòó. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ bá dé, èmi fúnra mi yóò wọkọ̀ wá, n ó sì fà ọ́ lọ́wọ́ jáde níwájú Alhaji, tayọ̀tayọ̀. Títí di ìgbà náà, n kò ní kọ lẹ́tà kankan. Má bínú, má sì tún bi mí mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ilésanmí Oyèdìran.


Yàrá Kẹfà,
Agége.
10 Oṣù Kejì, 2025.

Bàbá mi,

Mo kí yín kú ilé, mo kí yín kú ìtọ́jú ara. Awò ojú tuntun wà lọ́wọ́ Divine, mo sọ fún un pé kó gbé e sí àpò àyà rẹ̀, kó má gbé e sábẹ́ ẹrù.

Ẹ ní kí n má tún bi yín mọ́. Mo tún ń bi yín.

Ọkọ tí ẹ ń dúró dè yẹn, èmi náà ti dúró dè é. Bóyá ọkọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́ lójú ọ̀nà, mi ò mọ̀. Bó bá dé, kò ní ṣòro fún un láti béèrè ọ̀nà Ìfàkò. Ṣùgbọ́n kí n jókòó sínú yàrá kan ṣoṣo, kí ìkòkò àti bẹ́ẹ̀dì jọ máa wo ara wọn, nítorí ẹni tí a ò mọ orúkọ rẹ̀, ìyẹn ò wọ̀ mí létí.

Láàárọ̀ yìí, èèyàn mẹ́jọ ló wà níwájú mi pẹ̀lú garawa lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ẹni tí mo jẹ́ ọ̀gá fún níbi iṣẹ́ wà nínú wọn, nítorí yàrá kejì ni òun náà ń gbé. Ó kúnlẹ̀ kí mi ní "ẹ káàárọ̀, ọ̀gá," ó sì dúró síwájú mi. Bàbá, ẹ rò ó wò. Níléeṣẹ́, páálí kan ò lè gba géètì jáde bí mi ò bá fọwọ́ sí i. Nílé, èmi fúnra mi ni mi ò lè gba ẹnu ọ̀nà jáde bí ẹ̀yin ò bá fọwọ́ sí i.

Mo ti lọ wo ilé Ìfàkò yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò. Mo dúró níbẹ̀, mo ń ṣí ẹ̀rọ omi, mo ń tì í, títí Ìyáàfin Ìbísọ́lá fi bi mí bóyá nǹkan ń ṣe mí. Inú mi dùn débi pé ojú ń tì mí.

Ẹ ní yàrá kẹfà ni ilé bàbá mi. Ilé bàbá mi wà n'Ìjerò, mo mọ̀ ọ́n, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ibí yìí, yàrá ni. Ẹ ti fi í sílẹ̀, ẹ ti lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí èmi náà fi í sílẹ̀. Ìlà méjì péré ni, Bàbá.

Ọmọ yín,
Fọláyọ̀.


Yàrá Kẹfà,
Agége.
26 Oṣù Kejì, 2025.

Bàbá,

Ẹ káàárọ̀ o. Mi ò ní pẹ́ lórí kíkí lónìí.

Lánàá ni Alhaji pè mí sí pálọ̀ rẹ̀. Ó ní Divine kó lẹ́tà kan dé láti Èkìtì. Inú mi dùn, mo rò pé ìwé mi ló dé. Mo jókòó sórí àpótí, mo tú u, mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Alhaji ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọdé ló ń ṣe Fọláyọ̀, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ má gba ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ṣe orí kunkun, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi."

Mo kà á títí dé ibi tí ẹ ti ní àwọn ọmọbìnrin Èkó ti kó èèràn ràn mí. Mo kà á dé ibi tí ẹ ti kí àwọn ìyàwó Alhaji lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ka orúkọ yín nísàlẹ̀. Alhaji ń fọwọ́ pa orí ọ̀pá rẹ̀. Ó wá ní, "Fọláyọ̀, o ò bá ti fo àwọn ibì kan níbẹ̀."

Mo ní, "Alhaji, ẹ̀yin lẹ ní èmi kì í fo ìlà."

Bàbá, ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń ka ìwé fún un. Àbí ẹ gbàgbé? Bí ẹ bá gbàgbé, ó dùn mí. Bí ẹ ò bá gbàgbé, ó dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò tíì sunkún níwájú Alhaji rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi sínú ilé yìí, mi ò sì sun ún lánàá. Mo dé yàrá kí n tó sun ún.

Nítorí náà, ẹ̀yin náà, ẹ gba tiyín:

Èmi, Fọláyọ̀ Oyèdìran, ń fi tó yín létí pé n ó kúrò ní yàrá kẹfà lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 2025. Bí ìwé bá wà, n ó lọ. Bí ìwé ò bá sí, n ó lọ. Bí Ìyáàfin Ìbísọ́lá bá ti fi ilé fún ẹlòmíràn, n ó wá ilé mìíràn. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ní kí wọ́n gbà, wọn ò ní rí i gbà lọ́wọ́ mi, èmi fúnra mi ni n ó gbé e lé Alhaji lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, bí orúkọ yín bá ṣì ń gbé yàrá kẹfà, òun nìkan ni yóò máa gbé ibẹ̀.

Mo ṣì kúnlẹ̀ fún yín, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo ti di ẹrù.

Fọláyọ̀.


Yàrá Kẹfà,
Agége.
17 Oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀. Ṣé kò sí o?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Divine ti Ìjerò dé lọ́wọ́ òfìfo. Ó ní ẹ gba lẹ́tà mi, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà kà á, ẹ bọ́ awò ojú, ẹ wọlé, ẹ ò sì jáde mọ́. Ó ní òun fọn fèrè ọkọ̀ títí, kí òun tó rántí pé ẹ ò gbọ́. Nígbà kejì, ilẹ̀kùn wà ní títì, aládùúgbò sì ní ẹ wà nínú ilé. Ṣé ara yín yá? Ṣé ẹ ń jẹun?

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ sí Ìfàkò, mo bá ọkùnrin kan nínú ilé ìdáná mi tó ń wọn fèrèsé. Ìyáàfin Ìbísọ́lá dúró tì í pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ilé yìí ti ní ẹni tó ń gbé e." Ọkùnrin náà wo Ìyáàfin, Ìyáàfin wò mí, ó ní, "Lẹ́tà mi dà?" Mo ní ó ń bọ̀. Ó ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò lé ìṣẹ́jú kan. Mo dúró síbẹ̀ títí ọkùnrin náà fi ká okùn ìwọ̀n rẹ̀ jọ.

Nípa ohun tí mo kọ sí yín, mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìkan ni mo ń tọrọ àforíjì lé lórí, nítorí èèyàn kì í dédé sọ irú ìyẹn fún bàbá rẹ̀ kí oorun sì kùn ún. Mi ò tíì sùn dáadáa láti ìgbà náà.

Ẹ má kọ ìwé Alhaji bí ẹ ò bá fẹ́. Ẹ ṣáà kọ ìlà kan sí mi pé ẹ wà láàyè.

Fọláyọ̀.


Ìjerò-Èkìtì,
24 Oṣù Kẹta, 2025.

Fọláyọ̀, Àríkẹ́ mi,

Mo wà láàyè. Ara mi yá, mo ń jẹun. Ojú ló ń tì mí.

Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni lẹ́tà rẹ ń gbé láti ọjọ́ tó ti dé. Ó bí mi nínú gan-an, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo kọ èsì mẹ́ta, mo ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí èébú ló kún inú wọn. Ní ti èyí tí mo kọ sí Alhaji, mo gbàgbé lóòótọ́ pé ìwọ lo ń kàwé fún un. Mo rántí nígbà tí Divine ti gbé e lọ, mo sáré dé gáréèjì pẹ̀lú orúnkún yìí, n kò bá a mọ́. Jọ̀ọ́, má fi ìyẹn sọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí n kò lè kà kọjá. O ní, "Èmi ń fi tó yín létí." Àríkẹ́, kò sí ẹni tó fi nǹkan tó mi létí rí.

N kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ nígbà náà. Lọ́jọ́ Ajé kan ní ọdún 2004, mo dé géètì iléeṣẹ́ aṣọ láago mẹ́fà àárọ̀, mo bá ṣéènì àti àgádágodo lára rẹ̀. Àwa bí ẹgbẹ̀ta la dúró síbẹ̀. Kò sí ìwé lára géètì. Kò sí ọ̀gá kan tó jáde wá wí pé ẹ máa lọ. Aṣọ búlúù tí mò ń hun lọ́jọ́ Ẹtì ṣì wà lórí ẹ̀rọ mi, n kò tíì hun ún tán, mo ti ní n ó parí rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni mo fi ń wọ aṣọ iṣẹ́ láràárọ̀, tí mò ń ti yàrá kẹfà lọ dúró síwájú géètì yẹn, tí mò ń padà. Ìyá rẹ mọ̀. Ìwọ rò pé iṣẹ́ ni mò ń lọ.

Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ kó wá sílé, mo sọ fún àwọn ará Ìjerò pé mo wá sinmi díẹ̀ ni. Mo sọ ọ́ fún ara mi náà. Níwọ̀n ìgbà tí yàrá kẹfà bá ṣì ń jẹ́ orúkọ mi, n kò tíì kúrò l'Ékòó nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣí géètì lọ́la, mo níbi tí n ó sùn sí kí n tó jí lọ síbi iṣẹ́. Ogún ọdún ó lé ni mo ti ń ro èrò òmùgọ̀ yìí, n kò sì mọ̀ pé orúkọ mi ni mo fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ.

Ìwọ sọ fún mi kí o tó lọ. O kọ ọ́ sínú ìwé, o dá ọjọ́ sí i, o bu ọwọ́ lù ú. Ohun tí gbogbo àwọn ọ̀gá yẹn kò lè ṣe fún èèyàn ẹgbẹ̀ta ni o ṣe fún bàbá rẹ kan tó lórí kunkun. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kà á, síbẹ̀ mo ń sọ nínú ara mi pé wọ́n mà ka èmi náà sí èèyàn.

Mo fi ìwé méjì sínú àpò yìí. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti Alhaji, kà á fún un, má fo ìlà. Èkejì, mú un lọ sí géètì iléeṣẹ́ aṣọ wa n'Íkẹjà, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. N kò mọ ẹni tó ni ibẹ̀ báyìí, n kò sì bìkítà. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé bàbá rẹ ló rán ọ.

Ní ti ọkọ, n kò bi ọ́ mọ́. N ó wá wo ilé ìdáná náà.

Bàbá rẹ,
Ilésanmí.


Ilé Ìyáàfin Ìbísọ́lá,
Ìfàkò, Èkó.
6 Oṣù Kẹrin, 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ kún un bí ọkùnrin. Ẹ ṣeun. Ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lókè yìí dáadáa, ibẹ̀ ni kí Divine máa gbé lẹ́tà mi wá láti òní lọ.

Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n túnu ààwẹ̀ nígbà tí ìwé yín dé. Mo kà á fún Alhaji bó ṣe wà: pé èmi ni ayálégbé rẹ̀ láti bí ogún ọdún, ẹ̀yin kọ́, pé nótíìsì tí mo fún un, nótíìsì gidi ni, pé lẹ́tà tí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ó ya á. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó wá mí kanlẹ̀, ó ní, "Ta ni yóò máa ka ìwé fún mi báyìí?" Àṣé ohun tó ń dùn ún láti oṣù kìíní nìyẹn, tó fi ń fi rìsíìtì bojú! Mo ní n ó máa wá lọ́jọọjọ́ Àìkú. Mo sì sọ fún Sùlíyá pé láàárín ọ̀sẹ̀, bó bá fo ìlà, n ó gbọ́. Mo bá a kọ lẹ́tà tí Ìyáàfin Ìbísọ́lá ń béèrè, Alhaji sì tẹ ìka lé e. Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, mo gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá kẹfà lé e lọ́wọ́, ó sì gbàdúrà fún mi títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ìyáàfin Ìbísọ́lá fi ìwé náà sí fáìlì kí ó tó kí mi káàbọ̀.

Lánàá ni mo lọ sí géètì. Géètì náà ṣì ni, ṣùgbọ́n táìlì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé ni wọ́n ń kó pamọ́ sínú ibẹ̀ báyìí. Mo po sítáàṣì sínú agolo mílíìkì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ dìde.

"Madam, wetin be dat? Kí lẹ ń lẹ̀ síbẹ̀?"

"Nótíìsì ni."

"Nótíìsì kẹ̀? Ta ni wọ́n fẹ́ lé?"

"Wọn ò lé ẹnì kankan. Bàbá mi ló ń kúrò."

Ó wo inú ọgbà, ó wo ojú mi. Ó ní iléeṣẹ́ aṣọ ti kógbá sílé tipẹ́, kò sí ẹni tó máa gba ìwé yẹn. Mo ní bí wọ́n gbà á bí wọn ò gbà á, ẹni tó ń lọ ti sọ ọ́. Ó ní òun máa ya á. Mo ní kó ya á, mo ní ẹ̀dà méjìlá nínú báàgì, ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ló bá rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dáa, kí n ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún òun gbọ́. Mo kà á sókè, ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ ra oúnjẹ dúró. Nígbà tí mo kà á tán, ẹ̀ṣọ́ náà fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ igun kan tó fẹ́ ṣí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ padà sí yín bí mo ṣe kà á, nítorí ẹ ò sí níbẹ̀, bí ẹ bá sì wà níbẹ̀, ẹ ò ní gbọ́.

"Sí ẹnikẹ́ni tó bá ni géètì yìí. Èmi, Ilésanmí Oyèdìran, tó ń lo ẹ̀rọ kẹtàdínlógún, ń fi tó yín létí pé mo fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ láti òní lọ. Ẹ ò lé mi. Èmi ni mo lọ. Aṣọ búlúù kan wà lórí ẹ̀rọ mi tí n kò tíì hun tán. Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò parí rẹ̀. Ẹ má dúró dè mí mọ́."

Ọmọ yín,
Fọláyọ̀ Oyèdìran,
ayálégbé.